Ogun Tí Kò Ní Ìró Ìbọn, àti Ẹni Tó Ṣì Mọ Ọ̀nà Àfọwọ́ṣe

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ọlọ́jà, ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin orí adé tó wà níjòókòó, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Alága wa, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fi ọjọ́ Sátidé yín sílẹ̀ wá síbí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Akọ̀wé yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè ń fi kọ̀ǹpútà bá ara wọn jà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, kí ló kàn wá níbẹ̀? Rọ́ṣíà àti Ukraine ń jà, Amẹ́ríkà àti Ìráànì ń bára wọn fà á, kí ló kan ẹni tó ń ta ata ní Bódìjà? Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ìtàn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2015. Ìlú náà ń jẹ́ Ivano-Frankivsk, ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ti ń lù. Ọkùnrin kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, níbi tó ti ń ṣọ́ iná gbogbo àgbègbè yẹn. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn rí i tí ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tí a fi ń tọ́ka sí nǹkan, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Ọfà náà rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń pa iná, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ béèrè pé, ṣé ó dá ọ lójú? Ọfà náà rọra rìn lọ sórí "bẹ́ẹ̀ ni", ó tẹ ìyẹn náà. Iná àdúgbò kan lọ. Ó tún kọjá sí èkejì.

Ọkùnrin náà di máòsì mú, ó fà á sí ọ̀tún, ó fà á sí òsì, kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà lé e jáde. Ó fẹ́ padà wọlé, password rẹ̀ ò ṣiṣẹ́: wọ́n ti yí i padà. Ó wá jókòó, ó ń wò ó bí ẹni àjèjì ṣe ń pa iná ìlú rẹ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró.

Iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná mẹ́ta ni wọ́n kọ lù lọ́jọ́ yẹn, iná sì lọ mọ́ nǹkan bí 225,000 oníbàárà lọ́wọ́, nígbà òtútù, ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún tó parí. Wọ́n ti dìídì pa ẹ̀rọ tó ń gba iná dúró nínú yàrá ìṣàkóso, tí àwọn tó yẹ kó tan iná fún ìlú fi wà nínú òkùnkùn fúnra wọn. Wọ́n tún rọ́ ìpè ayédèrú sórí fóònù iléeṣẹ́ náà, kí ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sùn má baà rí ẹnikẹ́ni gbé e.

Ìgbà wo ni wọ́n wọlé? Ọjọ́ yẹn kọ́ o! Oṣù mélòó kan ṣáájú ni. Ìmẹ́ẹ̀lì kan wọlé, fáìlì kan wà lára rẹ̀ bí ìwé ọ́fíìsì lásán, òṣìṣẹ́ kan ṣí i. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni alamí ti wà nínú ilé, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan iná àti bí wọ́n ṣe ń pa á, tó mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ogun ojú ẹsẹ̀ kọ́ ni ogun yìí.

Mo wá fẹ́ bi yín: báwo ni iná ṣe padà dé? Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà ló padà dé. Ta ló dá a padà? Kọ̀ǹpútà kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kó sínú ọkọ̀, wọ́n wakọ̀ nínú òtútù lọ sí ibùdó ìpínná kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé suíìṣì iná padà sókè. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ti pẹ́, àwọn tó ń lò ó ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú ṣinṣin, torí ẹ̀ ni mo ṣe wá síbí lónìí. Wọ́n ṣì mọ ọ̀nà àfọwọ́ṣe.

IRÚ OGUN WO NI?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí n tó máa bọ̀. Àwọn bàbá wa jagun. Wọ́n mọ odi ìlú, wọ́n mọ yàrà, wọ́n mọ oníbodè, wọ́n mọ alamí. Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ìlú tó jìnnà sí ọ ní ẹgbẹ̀rún máìlì lè dúró sẹ́nu bodè rẹ ní ìṣẹ́jú kan.

Oríṣi kan jẹ́ ìdótì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, ìjọba Estonia gbé ère idẹ ọmọ ogun Soviet kan kúrò láàárín ìlú Tallinn lọ síbi ìsìnkú àwọn ológun. Inú bí Rọ́ṣíà, inú bí àwọn tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà nínú Estonia, ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́, ìkànnì ilé aṣòfin dákẹ́, ti ìjọba dákẹ́, ti báńkì àti ti ìwé ìròyìn dákẹ́. Kí ni wọ́n ṣe sí wọn? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn dé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ń béèrè pé èló ni, èló ni, kò sí ẹnìkan tó fẹ́ rà. Oníbàárà gidi dé, kò rí ojú ọ̀nà. Wọn ò jí nǹkan yín, wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ ò tajà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rántí Ìjàyè, láàárín ọdún 1860 sí 1862, bí ebi ṣe bá wọn fínra kí ìlú náà tó fọ́. Ìdótì náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi dó ti Estonia ni kì í sì í ṣe ti ológun. Kọ̀ǹpútà àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ káàkiri ayé ni, tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, tí ẹni tó ni ín ò mọ̀ pé òun ń bá wọn jagun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ìjọba Rọ́ṣíà ní òun kọ́.

Oríṣi kejì ń ba nǹkan jẹ́ ní ti gidi. Ní Natanz, ní Ìráànì, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń pòòyì kíkankíkan tí wọ́n fi ń sọ uranium, èròjà agbára átọ́míìkì, di alágbára sí i. Wọn ò so kọ̀ǹpútà ibẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá, síbẹ̀ fáírọ́ọ̀sì wọ ibẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí mọ bó ṣe ń ti ara flash bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó mú kí àwọn ẹ̀rọ náà sáré ju agbára wọn lọ, ó tún mú kí wọ́n fà tìkọ̀, ó sì ń fi han àwọn òṣìṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà pé àlàáfíà ni. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 1,000 ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ọdún 2010 ni àṣírí rẹ̀ tú, Stuxnet ni wọ́n ń pè é. Amẹ́ríkà àti Ísírẹ́lì ni àwọn tó wádìí rẹ̀ nawọ́ sí, àwọn méjèèjì ò sì jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Ti alamí wá ńkọ́? Ìyẹn dé Áfíríkà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ìwé ìròyìn Le Monde ti ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ pé, láti 2012 títí di 2017, lóru lóru, láàárín aago méjìlá sí aago méjì, àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà olú ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Addis Ababa ń sá lọ sí Shanghai. Ṣáínà ló kọ́ ilé náà fún àjọ wa ní ọ̀fẹ́. Ṣáínà ní irọ́ ni, alága ìgbìmọ̀ àjọ náà sì ní òun ò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní ṣe adájọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá ọ kọ́ ilé, tó bá ọ so wàyà, tó bá ọ gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn?

ÒKÒ TÍ WỌ́N SỌ SÍ ÀÁRÍN ỌJÀ

Ó kù síbi tí mo fẹ́ pẹ́ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ukraine, àyájọ́ òfin ìpìlẹ̀ wọn. Sọ́fítíwià kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ M.E.Doc, òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ìṣirò owó orí. Àwọn kan ti wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn tó ṣe é láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ M.E.Doc bá ti fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, májèlé ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: oníbàárà ò ṣe àṣìṣe kankan! Kò ṣí ìmẹ́ẹ̀lì àjèjì, kò ki flash àjèjì bọ ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, ẹni tó fọkàn tán ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Wọ́n sọ fáírọ́ọ̀sì náà ní NotPetya. Ó ti àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà pa, ó wá ṣe bí ẹni pé owó ìtúsílẹ̀ ló ń béèrè, $300, ṣùgbọ́n irọ́ funfun ni. Ìtúsílẹ̀ kankan ò sí. Ó wá láti pa kọ̀ǹpútà run ni.

Ukraine ni wọ́n fẹ́ bá, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ òkò sí àárín ọjà, ará ilé rẹ̀ ló lè bà. Ó ba Rosneft, ilé iṣẹ́ epo Rọ́ṣíà gan-an. Ó ba Merck tó ń ṣe oògùn ní Amẹ́ríkà. Ó dá iṣẹ́ dúró níléeṣẹ́ Cadbury ní Hobart, ní Australia, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀dí ìjà. Ní Chernobyl, níbi tí iléeṣẹ́ átọ́míìkì Ukraine ti bú gbàù láyé ọjọ́un, àwọn tó ń ṣọ́ ìtànṣán olóró padà sí fífi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ìjọba Amẹ́ríkà fojú bù ú pé ohun tó bàjẹ́ káàkiri ayé tó $10 bílíọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo wọn. Maersk ni, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì. Ìwọ̀nba ọ́fíìsì ni wọ́n ní ní Ukraine, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní Odesa ni wọ́n fi M.E.Doc sí. Kọ̀ǹpútà kan! Ibẹ̀ ni iná ti ràn dé Copenhagen, tí ojú kọ̀ǹpútà ń ṣókùnkùn lọ láti tábìlì dé tábìlì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí gbogbo èèyàn fa wàyà yọ. Ní New Jersey, ọkọ̀ akẹ́rù tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní níwájú ẹnubodè tí ò ṣí. Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ń bójú tó ibùdó kọ̀ǹténà ní Àpápá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà wọlé, ẹ mọ bí ìdúró ọjọ́ kan ní Àpápá ṣe ń jẹ owó èèyàn.

Irú kọ̀ǹpútà kan wà nínú ilé iṣẹ́ ńlá tó jẹ́ oníbodè, tó tún jẹ́ akọ̀wé ìlú. Òun ló mọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, òun ló mọ yàrá tí oníkálukú lè wọ̀. Maersk ní nǹkan bí 150 irú rẹ̀ káàkiri ayé, wọ́n sì ṣètò wọn kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà ara wọn, kí ọ̀kan bá kú, kí èkejì bọ́ sípò. Ètò tó dáa ni. Ohun tí wọn ò rò ni pé gbogbo wọn lè kú lọ́jọ́ kan. Wọ́n sì kú lọ́jọ́ kan. Ẹ̀dà inú wàyà kan náà ò yàtọ̀ sí ojúlówó nígbà tí iná bá gba inú wàyà yẹn wọlé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù káàkiri ayé, ìlú dé ìlú: tiyín ńkọ́? Ó ti kú. Tiyín ńkọ́? Ó ti kú. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n rí ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láàyè. Ẹ bi mí pé níbo ni. Gánà! Kí ló gbà á là? Ṣé odi ààbò olówó iyebíye ni? Rárá o. Iná ló lọ. Ohun tí àwọn ará Gánà ń pè ní dumsor, tí àwa ń sọ pé NEPA ti mú un lọ. Iná ti mú kí kọ̀ǹpútà yẹn kú kí ogun tó dé, nígbà tí ogun sì ń kọjá, kò bá a nílé.

Mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé mi. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò yá tó láti fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́, ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn tó ń tún un ṣe wà, ní Maidenhead. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Kò sí òṣìṣẹ́ Gánà kankan tó ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkan bá wọ bàálù láti Gánà wá sí Nàìjíríà wa níbí, ó pàdé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn ní pápákọ̀ òfurufú, ó fà á lé e lọ́wọ́, onítọ̀hún wọ bàálù tirẹ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ó di Heathrow ní London. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé, nígbà yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹrù inú ọkọ̀ kọ̀ǹténà àgbáyé, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú bàálù ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ ọ rí.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi to 4,000 server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù, àti 45,000 kọ̀ǹpútà padà. Alága wọn nígbà yẹn, Jim Hagemann Snabe, ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ níbi ìpàdé ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos lọ́dún 2018. Ọkọ̀ òkun ò sì dúró de ẹnikẹ́ni, ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn ni wọ́n ń gúnlẹ̀ síbùdókọ̀ kan tàbí òmíràn. Kí ni wọ́n ń lò? Bébà àti WhatsApp. Wọ́n ń lẹ bébà mọ́ ara kọ̀ǹténà. Ó ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni iṣẹ́ wọn fi dín kù. Ìdá 80 yòókù, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é.

ÀBÚRÒ MI TÓ Ń ṢE NỌ́Ọ̀SÌ

Oṣù kan ààbọ̀ ṣáájú NotPetya, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, irú rẹ̀ mìíràn ti jà, WannaCry. Ó kan kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè bí 150. Ohun ìjà inú rẹ̀, àwọn alamí Amẹ́ríkà ni wọ́n rọ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé ihò kan wà lára Windows, ètò Microsoft tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n pa á mọ́ra fún ìlò ara wọn, àwọn kan jí i lọ́wọ́ wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sí gbangba ní oṣù Kẹrin. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé Kòríà Àríwá ló gbé e, tó fi jà. Microsoft ti gbé oògùn rẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta o! Ẹni tí kò lo oògùn ló kàn. Mo fi ìbínú sọ èyí: ìjọba tó rí ihò lára ilé gbogbo ayé, tí kò sọ fún onílé torí kó lè máa gba ibẹ̀ yọjú, ó jẹ̀bi.

Ibi tó ti dun ayé jù ni àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS. Ẹ mọ iye ọmọ wa tó wà níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin wà lára wọn. Ó sọ fún mi pé ọ̀sán Jímọ́ ni, kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù wọn gbogbo di pupa, àkọlé owó ìtúsílẹ̀ hàn. Àwọn ọmọ ọdún méjìlélógún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dúró, wọn ò mọ ohun tí wọn ó ṣe, torí wọn ò fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi àti obìnrin kan láti Philippines ló wá bébà, wọ́n fi rúlà fa ìlà, wọ́n kọ orúkọ, wọ́n kọ wákàtí, wọ́n kọ ìfúnpá, wọ́n kọ oògùn tí wọ́n fún un àti èyí tó kù. Ó ní, "Bùrọ̀dá mi, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé náà ni mo ṣe é." Ìlà tí wọ́n fi rúlà fà yẹn ni wọ́n fi tọ́jú èèyàn títí di ọjọ́ Ajé.

TA LÓ TA ỌFÀ?

Èyí ò ní pẹ́. Ogun tí a mọ̀ máa ń ní àsíá. Eléyìí ò ní. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa sọ ọ́ síta pé àwọn ológun Rọ́ṣíà ló ṣe NotPetya, oṣù Kejì ọdún 2018 ti dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Amẹ́ríkà pe ọ̀gá ológun mẹ́fà lẹ́jọ́, kò sì sí èyí tó dé ilé ẹjọ́ nínú wọn. Rọ́ṣíà ní irọ́ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ìbánigbófò lọ gba owó, wọ́n sọ fún wọn pé ogun ni, ìwé àdéhùn ò sì bo ogun. Merck gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní New Jersey, ó sì jàre. Ẹ ò rí i pé ayé ò tíì mọ orúkọ tó yẹ kó pè é? Ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fẹnu kò pé òfin tó de ìjà láàárín orílẹ̀-èdè de ti orí kọ̀ǹpútà náà. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin kì í ṣe odi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ fetí sí mi díẹ̀. Ní 2016, wọ́n jí $81 mílíọ̀nù lára owó báńkì àpapọ̀ Bangladesh, Amẹ́ríkà sì sọ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Kòríà Àríwá ló jí i. Ní 2019 wọ́n tún jí owó ní báńkì kan ní Malta, ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà sì sọ ní 2021 pé ọmọ Nàìjíríà tí gbogbo yín mọ̀ sí Hushpuppi wà lára àwọn tí wọ́n gbà láti bá wọn fọ owó náà. Àwọn olùwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ ni Kòríà Àríwá fi ń rọ ohun ìjà. Ọmọ tó ń fi àkáǹtì rẹ̀ gba owó àjèjì, tó rò pé òun rí oúnjẹ òòjọ́, ó lè jẹ́ ọmọ ogun fún ọba tí kò mọ̀ rí.

ILÉ WA NÍBÍ

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wàyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Ogun kọ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n kí ni ojú yín rí? Owó ò wọlé, owó ò jáde, ẹni tó gbé ọjà fún oníbàárà dúró pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bí ìjàǹbá lásán bá ṣe wá bẹ́ẹ̀, ẹni tó dìídì fẹ́ ṣe wá ní ibi ńkọ́?

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ti ń dùn mí láti ọdún pípẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Ilé ìwòsàn kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, gbà mí kí n kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn sórí ẹ̀rọ. Mo ṣe é, ó sì dáa. Nígbà tí mo parí, èmi ni mo sọ fún ọ̀gá wọn pé kí wọ́n kó káàdì àtijọ́ dànù, pé ó ń gba àyè. Wọ́n jó o lẹ́yìnkùlé. Kò pé ọdún méjì, ẹnìkan mú flash wá láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ó kì í bọ ẹ̀rọ, gbogbo àkọsílẹ̀ tì pa. Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ kan náà ni mo so ẹ̀dà náà mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo débẹ̀. Àwọn aboyún jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹni tó rántí irú ẹ̀jẹ̀ tó ní. Ìyá kan wà nínú yàrá àkọsílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí ọṣẹ kan jáde lábẹ́ tábìlì, ìwé rẹ́jísítà aláwọ̀ búlúù mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ní alaalẹ́ ló ti ń da orúkọ, nọ́ńbà káàdì àti irú ẹ̀jẹ̀ kọ síbẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti gbé kọ̀ǹpútà dé. Kò sí ẹni tó rán an. Ó ṣí ìkẹta, ó fi ìka rọra wá a sílẹ̀, ó ní, "Òun rèé. O positive." Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Mi ò ní kí ẹ kó kọ̀ǹpútà dànù. Òun ló ń bọ́ mi. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀dà kan ìwé ilẹ̀ àti ìwé ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ wà níbi tí wàyà kankan ò dé, kí ẹnìkan máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù bóyá ó ṣì ń ṣí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ yan ọjọ́ kan láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ ó fi bébà ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ìwé gbèsè yín, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ní òun fẹ́ gba àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, ẹ jẹ́ kó gbà á. Mo mọ̀ pé mo ti sọ fún yín pé inú àtúnṣe ni májèlé NotPetya gbà wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ẹyọ kan tó gba ibẹ̀ wọlé, àìmọye ló ti gba ihò tí wọn ò dí. Àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ẹ̀rọ tó dé, ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Akọ̀wé ti ń wo aago. Mo rí ọwọ́ bàbá tó wà ní ìlà kejì, tó wọ fìlà aláràn-án. Ẹ gbé máíkì fún wọn. Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà, mò ń gbọ́ yín.